Kí A Tó Fún Ẹni Tí Ó Sùn Sí Ìta Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn ti abúlé wá sí Ìlọrin kí ó má gba iwájú Ilé Ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ibi tí tèwe tàgbà ń pè ní Post Office. Orúkọ náà ti kúrò lára ilé kan ṣoṣo, ó ti di orúkọ gbogbo àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já èrò, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń gbé èrò, àwọn oníṣòwò pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá títì, afárá ńlá sì na ara rẹ̀ lókè lórí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá tètè jí dé ibẹ̀, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ṣílẹ̀kùn, lè rí àwọn kan tí wọ́n ṣì nà gbalaja lórí páálí, tí wọ́n fi àpò ṣe ìrọ̀rí, tí wọ́n fi aṣọ gbígbó bo ojú nítorí ẹ̀fọn.

Iṣẹ́ ilé lẹ́tà ni láti mú ìwé dé ọwọ́ ẹni tí a kọ orúkọ àti ibùgbé rẹ̀ sára àpòòwé. Bí kò bá sí ibùgbé lára rẹ̀, ìwé náà kò mọ ibi tí yóò gbà. Àwọn tí wọ́n sùn sí ìtòsí ilé yìí ní orúkọ tí òbí sọ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ibùgbé tí ìwé lè bá wọn sí. Nítorí náà ni àwọn èrò tí ó ń kọjá fi ń fún wọn ní orúkọ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá tiwọn ni.

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí kò ní ilé, ojú lásán ni ayé fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kan yóò kọjá, yóò ní, "Ọ̀lẹ ni." Èkejì yóò ní, "Ó ti mu ọtí yó." Ẹ̀kẹta yóò di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú gírígírí, yóò ní, "Gbọ́mọgbọ́mọ ni, ó kàn díbọ́n bí wèrè ni." Ẹ̀kẹrin yóò ju owó sílẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdájọ́ mẹ́rin ni a ti dá lórí ẹnì kan ṣoṣo kí oòrùn tó yọ, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára tó. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Princeton ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Janine Willis àti Alexander Todorov, fi àwòrán ojú àwọn tí a kò mọ̀ rí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àkókò tí wọ́n fi àwọn àwòrán kan hàn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sọ ẹni tí a lè fọkàn tán àti ẹni tí a kò lè fọkàn tán. Nígbà tí a fún wọn ní àkókò sí i, ìdájọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni ìdánilójú wọn pé àwọn gbà á. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí ènìyàn bá dúró tí ó ń wo ẹlòmíràn láti òkèèrè, tí kò bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe òtítọ́ ni ó ń pọ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀, agídí ni.

Kò yẹ kí a bú ojú fún iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán an. Àgbẹ̀ tí ó rí ohun gbọọrọ nínú koríko kò gbọdọ̀ dúró ṣe ìwádìí kí ó tó fò sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ okùn, kò pàdánù nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ejò, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó gbà là. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kì í ṣe okùn, kì í sì í ṣe ejò. Bí a bá ṣì í dá lẹ́jọ́, òun ni yóò jẹ gbèsè àṣìṣe náà, kì í ṣe ẹni tí ó dá ẹjọ́.

Ìwádìí kejì tún wà, ní yunifásítì kan náà àti ní ọdún kan náà. Lasana Harris àti Susan Fiske fi ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń wo àwòrán oríṣiríṣi ẹ̀dá. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí ó máa ń ta kìjí nígbà tí a bá ń ro ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọnìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi àwòrán aláìnílé àti ti ẹni tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú hàn wọ́n, apá náà kò ta kìjí bí ó ti ń ṣe fún àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú rí ènìyàn, ṣùgbọ́n ọkàn kò kà á sí ènìyàn tán.

A dúpẹ́ pé ìwádìí náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn méjèèjì bi àwọn tí ó ń wo àwòrán ní ìbéèrè kékeré kan: irú ẹ̀fọ́ wo ni ẹni yìí yóò fẹ́ràn láti jẹ? Bí wọ́n ti ń ro ẹ̀fọ́ tí aláìnílé náà yóò fẹ́, apá ọpọlọ tí ó ti sùn tún jí. Ẹ kò rí i bí oògùn náà ti kéré tó? Kò gba owó, kò gba ìwé ẹ̀rí. Kí ènìyàn kàn béèrè nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ṣé gbúre ni bàbá yìí máa ń fẹ́ ni, àbí tẹ̀tẹ̀?" ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàbá náà.

Ta wá ni àwọn tí ó lè sùn sí ìta ní ìlú bí Ìlọrin? Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè yìí ti ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláàárù wà tí ó ń fi orí ru ẹrù ní ọ̀sán, tí owó tí ó ń rí kò tó san yàrá, tí ó sì ń fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin wà tí ó ti abúlé wá iṣẹ́ wá, tí ẹni tí ó sọ pé òun yóò gbà á sílé kò gbé fóònù mọ́. Ìyá àgbà wà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ọkọ lé jáde. Aláìsàn wà tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó rìn títí tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Arìnrìn-àjò wà tí olè ti gba owó àti fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ojú sì ń tì í láti ṣagbe. Atọrọjẹ pàápàá wà, tí ó fi agbe ṣe iṣẹ́.

Àwọn mìíràn sì wà tí ogun tàbí omi lé kúrò nílé. Láti ọdún 2009 tí rògbòdìyàn Boko Haram ti gbóná ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, àwọn tí ó sá kúrò nílé wọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní ọdún 2022, ìkún omi lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ jáde kúrò nínú ilé wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2025, nínú Ìpínlẹ̀ Kwara fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sá kúrò ní abúlé ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bí Ìfẹ́lódùn, Edu àti Pàtígí nítorí àwọn agbébọn. Ọkùnrin tí ó ní abà mẹ́ta tí iṣu kún inú rẹ̀ ní oṣù kan lè di ẹni tí ó ń wá igun ògiri tí yóò sùn sí ní oṣù kejì. Aṣọ ọrùn rẹ̀ kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà náà ní ìtàn tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ìlú Ìlọrin fi ṣe àmọ̀nà fún ọjọ́ pípẹ́, mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà ti já mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀ ní ìlú rẹ̀, bí kò bá ní ohun tí yóò fi dé ilé, ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí i. Ìyẹn ni pé òfin náà ti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó wà lójú títì lónìí lè jẹ́ olówó ilé kan níbòmíràn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé, "Bí a bá ṣì wọ́n pè, kí ni ó bàjẹ́?" Ohun tí ó ń bàjẹ́ pọ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti aláìsàn. Ẹni tí àrùn àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó sì ṣubú. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù lè wọ́ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má lè dìde. Ẹni tí wárápá gbé lè sùn fọnfọn lẹ́yìn tí gìrì náà bá dáwọ́ dúró. Lójú ẹni tí ó ń kánjú, ọ̀mùtí ni gbogbo wọn. Bí aṣọ wọn bá mọ́, àwọn èrò yóò pariwo, wọn yóò wá ọkọ̀. Bí aṣọ wọn bá gbó, wọn yóò fo ẹsẹ̀ wọn kọjá. Wákàtí tí a fi kà wọ́n sí ọ̀mùtí ni ó lè jẹ́ wákàtí tí ìwòsàn ìbá fi gba ẹ̀mí wọn là.

Ẹ tún jẹ́ kí a mú ti ìbẹ̀rù. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, àṣírí ibùdó kan tú ní Sókà ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti bá àwọn tí a so mọ́lẹ̀ àti òkú ènìyàn. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, ó sì tọ́ kí ó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni ìròyìn ń jáde láti ibi púpọ̀ pé àwọn ènìyàn ń lu àwọn tí orí wọn dàrú ní òpópónà, wọ́n ní ajínigbé tí ó díbọ́n ni wọ́n. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀ láàrin igi àti òkúta? Ẹni tí ó bá fura sí ènìyàn, ọlọ́pàá ni kí ó pè. Ẹni tí ó bá kó igi bo ènìyàn ti di ọ̀daràn fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìfura rẹ̀ jóòótọ́.

Ìjọba náà lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ènìyàn kan sínú ọkọ̀ lọ sí Oníṣà ní Ìpínlẹ̀ Anambra, wọ́n sì já wọn sílẹ̀ ní Upper Iweka ní òru. Ọ̀pọ̀ ìròyìn sọ pé wọ́n tó 70, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọba méjèèjì kò fẹnu kò lórí iye wọn. Ìjọba Èkó ní aláìnílé ni wọ́n, àti pé ọ̀dọ̀ ẹbí wọn ni òun ń dá wọn padà sí. Gómìnà Anambra nígbà náà, Peter Obi, bínú sí i, ó sì kọ̀wé sí Ààrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Gómìnà Babatunde Fashola tọrọ àforíjì ní gbangba. Orúkọ kan ṣoṣo, aláìnílé, ni a fi kó gbogbo wọn pọ̀. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yà méjì. Dídá ènìyàn padà sílé dára, bí a bá ti rí ilé náà, tí a bá ti rí ẹbí tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ òfin náà kò ṣeé fò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan jáde ní ọdún 1824 tí ó sọ sísùn sí ìta àti agbe ṣíṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìn sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jọba lé lórí. Ní ọdún 1960, nígbà tí Ìlọrin ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Àríwá, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ṣe fún Àríwá ní ìpín tirẹ̀ lórí àwọn tí ó ń rìn kiri láìníṣẹ́ láìnílé. Ìwé òfin tí Ìpínlẹ̀ Kwara bá nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967.

Ayé ti ń tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ní ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé kí a pa òfin 1824 náà rẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún 2020, Kóòtù Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Arusha ní Tansania, gbé ìmọ̀ràn òfin kan jáde. Kóòtù náà sọ pé àwọn òfin tí ó ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí pé kò ní ilé tàbí iṣẹ́ lòdì sí Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn, ó sì yẹ kí àwọn ìjọba tún wọn ṣe tàbí kí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: ohun tí ènìyàn ṣe ni ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ mú un, kì í ṣe ipò tí ó bá ara rẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà sọ ní ìpín 34 pé iyì tọ́ sí gbogbo ènìyàn, kò sì sọ pé kí ó kọ́kọ́ fi ìwé ilé hàn. Ní ìpín 16, ó fi pèsè ibùgbé tí ó yẹ fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè sára ohun tí ó yẹ kí ìjọba máa lépa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ìpín náà pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ní ojú kan. Àwọn tí ó ń ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì ní ẹjọ́ tiwọn. Ẹni tí ó ń bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè ṣàì bínú. Òótọ́ sì ni pé àwọn kan ń fi ọgbẹ́ èké tọrọ owó, àwọn mìíràn ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣagbe, àwọn olè náà sì mọ bí a ti ń fi ara pamọ́ sáàrin aláìní. Kò sí ẹni tí ó ní kí ìyá má ṣọ́ ọmọ rẹ̀, tàbí kí ọlọ́jà má ṣọ́ àpò rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìdájọ́. Ẹni tí ó ń ṣọ́ra ń la ojú sí i. Ẹni tí ó ti dájọ́ ti pa tirẹ̀ dé. Bí a bá rí ayédèrú owó kan lọ́jà, a kì í torí rẹ̀ da gbogbo owó inú àpò sínú iná. A máa ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ohun kan tún wà tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ju ìkà lọ, èyí ni ìkánjú. Ní ọdún 1973, John Darley àti Daniel Batson tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 40 tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Wọ́n rán wọn láti ilé kan lọ sí èkejì láti sọ̀rọ̀, ìtàn ará Samáríà rere sì ni a ní kí àwọn kan nínú wọn sọ. Ní ojú ọ̀nà, ọkùnrin kan jókòó gẹlẹtẹ, ó ń wúkọ́, orí rẹ̀ sì dorí kodò. Nínú àwọn tí a kò kán lójú, 63 nínú ọgọ́rùn-ún dúró ṣèrànwọ́. Nínú àwọn tí a sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dúró. Ìtàn tí ó wà lórí ahọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí ẹsẹ̀ wọn padà. Post Office sì jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kánjú.

Kí ni ó wá kan abúlé nínú ọ̀rọ̀ ìgboro? Ó kàn án gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sùn sí ìta ìlú ńlá, abúlé ni a bí wọn sí. Ọmọ tí ẹ ń béèrè ìròyìn rẹ̀, tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́ta, ẹlòmíràn lè ti fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ní àárọ̀ yìí. Ó lè jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó padà wálé, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dé ní ọwọ́ òfo, abúlé yóò fún òun ní orúkọ tí ó burú ju ti ìgboro lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti fi han gbogbo ayé pé abúlé lè wo ẹni tí ìgboro ti kọ̀ sàn. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àró. Kàkà tí yóò fi ti gbogbo àwọn tí orí wọn dàrú mọ́ inú ògiri ilé ìwòsàn, ó fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí Àró ká, ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú onílé, wọ́n sì ń bá wọn lọ sí ibi ayẹyẹ. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà bá a lọ́wọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti ilẹ̀ púpọ̀ wá wo iṣẹ́ náà kí wọ́n lè kọ́ ọ. Dókítà Lámbò sì di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973. Àwọn tí ó gba aláìsàn sílé nígbà náà kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, bíi ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìtọ́jú ni pé wọ́n ń pe aláìsàn ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin ayé àwọn amúnisìn tí ó pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè nínú orúkọ rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ohun tí olúkúlùkù lè ṣe nìyí, kò sì ju agbára ẹnikẹ́ni lọ.

Èkíní, bí ẹ bá rí ẹni tí ó nà sílẹ̀ tí kò mira, ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, ẹ wò ó bóyá ó ń mí. Bí ó bá ń mí, ẹ rọra dá a lé ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà sé e lọ́fun. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí wárápá gbé. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù lásán ni. Nọ́ńbà 112 ni a yàn fún ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Èkejì, ẹ kí i kí ẹ tó pè é ní ohunkóhun. "Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ti jẹun?" Ìkíni kì í náni ní kọ́bọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì lè sọ ohun tí àkísà kò lè sọ.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, ẹ fi ọwọ́ àti ojú fúnni. Bí ẹ kò bá fẹ́ fúnni, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí òfin pé ẹni tí kò ní owó kò gbọdọ̀ ní sùúrù.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára yín lọ, ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìní ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ létí, tàbí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń bójú tó aláìní. Bí ó bá jẹ́ ìfura ìwà ọ̀daràn, ọlọ́pàá ni ẹ pè.

Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni ti abúlé gan-an: kí baálé àti àwọn àgbà máa mọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó lọ sí ìgboro àti ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Bí ìròyìn ẹnì kan bá ti dákẹ́, kí a rán ènìyàn wá a lọ. Bí ó bá padà dé ní ọwọ́ òfo, kí a bu omi wẹ̀ fún un, kí a gbé oúnjẹ fún un, kí ìbéèrè dúró di ọjọ́ kejì. Oko ṣì wà tí ó lè ro. Yẹ̀yẹ́ ọjọ́ kan lè lé e padà sábẹ́ afárá títí láé.

Òní la rí, ẹnìkan ò rí ọ̀la. Iná lè jó ilé, omi lè gbé oko, àìsàn lè gba iṣẹ́, ogun lè gba ìlú. Kò sí ẹni tí ó ti kọjá gbogbo èyí tán tí ó lè fọ́nnu pé páálí ẹ̀bá títì kò lè kan òun láéláé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá gba Post Office kọjá ní Ìlọrin, tí ẹ sì rí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ojú yín yóò ti fún un lórúkọ kí ẹ tó mí. Ẹ má gba orúkọ náà gbọ́. Ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.